Pèrègún Inú Kọ̀ǹpútà

Nínú oko kòkó tó yí Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó ká, pèrègún ló ń sọ ibi tí oko ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbìn ín lè ti kú tipẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti di ará Èkó tí kò mọ ọ̀nà oko mọ́. Pèrègún á dúró síbẹ̀, á máa wí fún àjèjì pé ilẹ̀ yìí lólúwa. Ẹni tó bá hú u láìbéèrè, ẹjọ́ ló ń wá. Kò sí àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ ní ìyẹn.

Háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà ní pèrègún tirẹ̀. Abala ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí dísìkì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pátíṣàn, ààlà tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju àkọsílẹ̀ kékeré kan lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì: abala kìíní bẹ̀rẹ̀ níbí, ó parí sọ́hùn-ún, ti Windows nìyí, ti Linux nìyẹn (àwọn méjèèjì ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà). Bí àkọsílẹ̀ náà bá parẹ́, ilẹ̀ ṣì wà, irè oko ṣì wà lórí rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí olóko mọ́.

Ó tó nǹkan bí ogún ọdún tí òǹkọ̀wé yìí ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀rẹ̀. Ìkóríta ni ìlú náà: ọ̀nà kan lọ sí Èkó, ọ̀kan lọ sí Bìní, ọ̀kan gba Oǹdó lọ, ọ̀kan kọrí sí Òkìtìpupa. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akérò ńláńlá ti ń dúró kí èrò lè jẹun kí wọ́n sì na ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù kì í fi í ṣe ọmọ ìlú nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa ń wá, olùkọ́ ń wá láti Odígbó, pásítọ̀ ń wá, akọ̀wé àwọn tó ń ra kòkó ń wá. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Díẹ̀ ló mọ ibi tó wà.

Nígbà kan, Linux kì í gba irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, nílẹ̀ Finland. Nígbà tó di 1993, Slackware àti Debian ti jáde, tí ẹni tó fẹ́ lè fi gbé Linux sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnnì rẹ̀bẹ̀tẹ̀, kò sí àwòrán aláwọ̀ mèremère. Bí èèyàn bá fẹ́ fi Slackware sí i, ojú dúdú ló ń pàdé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò pe fdisk tàbí cfdisk, tí yóò ka ìwọ̀n ilẹ̀, tí yóò gé e, tí yóò sọ irú ohun tí abala kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí ètò tó ń gbé Linux wọlé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Fdisk ní ìwà àgbà kan tó dára: gbogbo ohun tí èèyàn bá ń fà síwá sẹ́yìn níbẹ̀, eré ni, títí a ó fi tẹ lẹ́tà w. Ẹ̀yìn w ló di òótọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà náà ló mọ bí ìka ṣe ń gbọ̀n lórí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, tí wọ́n á ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rù yẹn wúlò. Òun ló ń mú kí oníṣẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà.

Oṣù kẹwàá 2004 ni Ubuntu, irú Linux mìíràn, dé. Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, ló gbé e kalẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìwà ọmọlúàbí ní gúúsù Áfíríkà. Láàárín 2005 sí 2011, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, níbikíbi láyé. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbi tí owó dátà ti ń já ẹran ara jẹ mọ rírì ìyẹn: CD kan dé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ogún ènìyàn á yá a. Ní oṣù kẹfà 2006, Ubuntu 6.06 mú irú ínsítọ́là mìíràn wá, ìyẹn ètò tó ń gbé Linux wọlé. Èèyàn lè kọ́kọ́ fi CD náà tan kọ̀ǹpútà, kó máa lo Linux láìtíì fọwọ́ kan dísìkì, kó tó tẹ bọ́tìnnì pé kó wọlé pátápátá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì kan ilẹ̀, ìbéèrè díẹ̀ ló kù: ṣé kí n gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows ni? Ṣé kí n pa gbogbo dísìkì rẹ́? Àbí o fẹ́ fúnra rẹ pín in?

Inú ẹni tó ń kọ èyí dùn nígbà náà, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí kì í bá ṣe irú ínsítọ́là bẹ́ẹ̀, Linux ì bá ṣì jẹ́ ohun ìṣeré àwọn díẹ̀. Ẹ̀sùn tí òǹkọ̀wé yìí ní yàtọ̀. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, pé ta ló ti ń gbé orí ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ti di ìlà kékeré lábẹ́ bọ́tìnnì ńlá.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ìsokọ́ yẹ̀ wò, torí òun gan-an ló ń da àwọn tó ti Windows bọ̀ láàmú. Windows máa ń fún abala kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà: C dá ilé rẹ̀ kọ́, D dá tirẹ̀ kọ́, wọ́n ń wo ara wọn lókèèrè. Agbo ilé ni Linux. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, wọ́n ń fi ìlà wínníwínní kan pè é, /, gbogbo yàrá yòókù sì wà nínú rẹ̀. /home ni yàrá tí àwọn ará ilé ń kó ẹrù ara wọn sí. /boot ni ibi tí ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun wà. Dísìkì ìbáà jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, abala ìbáà jẹ́ mẹ́wàá, ẹnìkan kò ní dá ilé kọ́ lẹ́yìn odi. Wọ́n á so ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ ara agbo ilé náà, níbi tí baálé bá ní kí wọ́n so ó kọ́ sí. Ìsokọ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní máúńtì. Ohun tí ínsítọ́là sì ń béèrè nígbà tó bá ní kí a yan ojú ìsokọ́ kò ju èyí lọ: yàrá wo ni kí ilẹ̀ yìí jẹ́?

Ọmọ Yorùbá tó dàgbà nínú agbo ilé kò yẹ kó rí èyí bí ohun àjèjì. Ó máa ń ya òǹkọ̀wé yìí lẹ́nu pé àwọn àgbà tí wọn ò mọ kọ̀ǹpútà ló ń tètè lóye rẹ̀, nígbà tí ọmọ tó ti lo Windows fún ọdún mẹ́wàá á ṣì máa béèrè pé, "Ọ̀gá, C wá dà?"

Àṣírí kan wà nínú ìsokọ́ tí kò hàn sí gbogbo ènìyàn. Bí yàrá kan bá ti ní ẹrù nínú tẹ́lẹ̀, tí a wá so ilẹ̀ tuntun kọ́ ojú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹrù àtijọ́ kò sọnù. Ti tuntun ló bò ó mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 2009, olùkọ́ kan sáré wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú omi lójú. Dísìkì rẹ̀ ti kún, ẹnìkan bá a ra èkejì, ó sì so ó kọ́ /home láìkọ́kọ́ da ẹrù àtijọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ tan ẹ̀rọ, yàrá òfìfo ló bá: ìbéèrè ìdánwò kò sí, máàkì àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́ta kò sí. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ti ní kó lọ gbàgbé rẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. A já dísìkì tuntun náà kúrò lójú ìsokọ́, gbogbo ẹrù rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe kó wọn sí, fáìlì kan ò yẹ̀. Ọkùnrin náà kọ̀ láti jókòó. Ó dúró ń wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ dísìkì tún wà níbẹ̀. Láyé àtijọ́, bí dísìkì bá ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni Linux ń sọ wọ́n lórúkọ: hda ni ti àkọ́kọ́, hdb ni ìkejì. Bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé ni, ipò tí wọ́n fi dé ni orúkọ wọn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá tú ẹ̀rọ láti gbá eruku rẹ̀, tó sì gbàgbé èwo ló wà lórí okùn wo, ti sọ Kẹ́hìndé di Táíwò. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilé íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Ọ̀rẹ̀ ní 2007. Ọ̀gá ibẹ̀ tún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kí ọdún tuntun tó wọlé, kò sì sí èyí tó jí nínú méjì lára wọn, torí àkọsílẹ̀ inú /etc/fstab, níbi tí ínsítọ́là máa ń kọ ibi tí wọ́n á so abala kọ̀ọ̀kan kọ́ sí, ń wá hdb níbi tí hdb kò sí mọ́. Láti Ubuntu 6.10 ni ínsítọ́là rẹ̀ ti ń fi UUID kọ ọ́, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tó dá wà fún abala kọ̀ọ̀kan tí kò yípadà bí wọ́n bá gbé e lọ sí ibòmíràn. Ó burú lẹ́nu láti pè, bíi oríkì tó gùn jù, ṣùgbọ́n kì í tan ni jẹ.

Ìbéèrè tó ti pín àwọn oníṣẹ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ fún ọdún pípẹ́ ni pé ṣé kí a ya /home sọ́tọ̀ àbí kí a pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbà iṣẹ́ kọ́ wa pé kí a yà á sọ́tọ̀. Ìdí wọn ni pé ètò Linux fúnra rẹ̀ ṣeé rí gbà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnikẹ́ni lè tún un gbé wọlé lọ́la. Àwòrán ìsìnkú ìyá ẹni kò ṣeé tún gbà. Bí ilé bá wó, tí ẹrù sì ti wà ní yàrá tó dá dúró, wọ́n á tún ilé kọ́, ẹrù ò ní mọ̀. Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí fún ẹni tó bá ya /home sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ gbọ́dọ̀ sọ apá kejì. Òǹkọ̀wé yìí fún / ní 10GB lórí kọ̀ǹpútà ìjọ kan ní 2010, ó sì fi èyí tó ṣẹ́kù, tó ju 100GB lọ, sílẹ̀ fún /home. Ó rò pé òun ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Láàárín ọdún méjì, àwọn ètò tuntun tí ìjọ ń fi sí i kún 10GB náà dẹ́múdẹ́mú, ẹ̀rọ kò lè gba àtúnṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ /home sì ń ṣófo bí pápá lẹ́yìn ìkórè. Ààlà tí a fà nígbà tí a kò mọ iye ọmọ tí a ó bí, ó lè di wàhálà. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ínsítọ́là òde òní, bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú wọn, fi ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí abala kan. Àyè tí kọ̀ǹpútà ń gbé ẹrù sí nígbà tí ìrántí rẹ̀ bá kún, tí wọ́n ń pè ní swap, tó ti máa ń gba ilẹ̀ tirẹ̀ láti ìgbà láéláé, Ubuntu 17.04 ti sọ ọ́ di fáìlì lásán nínú ilé.

Ó wá jọ pé ilẹ̀ ẹbí ni ayé ń padà sí. LVM ti wà tipẹ́, òun ló ń jẹ́ kí a kó dísìkì jọ sínú ìkòkò kan, kí a sì máa bù fún yàrá kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe nílò sí. Fedora 33, irú Linux mìíràn tó jáde ní oṣù kẹwàá 2020, sọ Btrfs, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, di àṣà fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì: / àti /home dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka méjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń dá. Bí ìyàwó àgbà bá nílò àyè sí i lọ́dún yìí, ó gbà á. Bí ìyàwó kékeré bá nílò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ìjà. Èyí ni òǹkọ̀wé yìí fara mọ́ jù báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dun àwọn tó ti lo ọdún wọn lórí ìṣirò ààlà.

Àwọn tó ń ṣe fóònù kò ṣe àríyànjiyàn yìí rárá. Android tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjà Ọ̀rẹ̀, orí kánẹ́ẹ̀lì Linux, ìyẹn ọkàn rẹ̀, ló dúró lé, ó sì ya ilẹ̀ ètò sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ ẹrù, tí wọ́n so kọ́ /data. Nígbà tí èèyàn bá fọ fóònù padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, ilẹ̀ ẹrù ni wọ́n gbá. Ètò ń jókòó sí ààyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó ń ta ẹ̀bà ní ìkóríta fi ń lo pátíṣàn lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí Windows àti Linux bá ti fẹ́ jọ gbé dísìkì kan. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, wọn kì í ṣe ará ilé kan náà. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012 ni Windows ti máa ń ṣe bí ẹni tó kú nígbà tí a bá pa á, àmọ́ oorun ló sùn, kí ó lè tètè jí. Bí Linux bá fẹ́ kọ nǹkan sórí ilẹ̀ rẹ̀ lásìkò náà, ó lè da àlá rẹ̀ rú. BitLocker tó wà nínú Windows wá ń ti ilẹ̀ rẹ̀ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí oníkọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé òun ní. Ínsítọ́là Ubuntu á rí i, á sì ní kí wọ́n lọ ṣí i kí òun tó lè dín ilẹ̀ náà kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ oníṣẹ́ tó bá débẹ̀, tí ara ń kán, ọ̀nà àbùjá ni wọ́n ń gbà: wọ́n á tẹ "pa gbogbo dísìkì rẹ́".

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀ sí oníṣòwò kòkó kan ní nǹkan bí 2016. Ó ní kí wọ́n bá òun fi Linux sí kọ̀ǹpútà òun torí fáírọ́ọ̀sì ti ń dà á láàmú. Ọmọ iṣẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tó já fáfá ni, kò béèrè ohunkóhun. Ìwọ̀n kòkó tí wọ́n ti rà láti ọdún méje, orúkọ àgbẹ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ, gbogbo rẹ̀ wà lórí D. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: aṣọ ìmọ̀ bọ́tìnnì wà lára ọmọ náà, àkísà àṣìṣe ni kò tíì ní. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. TestDisk, ètò tó ń wá pátíṣàn tó sọnù, tí Christophe Grenier ará Faransé kọ, rí òpó ààlà àtijọ́ náà níbi tí àkọsílẹ̀ tuntun kò tíì tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dá apá kan padà. Ibi tí Linux tuntun ti kọ nǹkan lé lórí kò padà. Ọkùnrin náà padà lọ bá àwọn àgbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹnu sọ iye tí òun jẹ wọ́n. Àwọn kan sọ òtítọ́.

Iná ìjọba náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dẹrùn. Nígbà tí ínsítọ́là bá ń dín ilẹ̀ Windows kù láti fi àyè gba Linux, ẹrù ló ń kó láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí iná bá lọ nígbà náà lórí kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú, agbede méjì ni ẹrù á wà. Ext3, ọ̀nà ìto fáìlì tó wọ inú Linux ní 2001, ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tó dé dúró bí iná bá já. Ará Helsinki lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ rírì rẹ̀. Ẹ̀bùn ni fún ará Ọ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò gba èèyàn lọ́wọ́ pípín ilẹ̀ tó dá dúró lágbede méjì.

Iṣẹ́ yìí ti wá ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá ni kò sì tó Windows 11 gbé. Àwọn oníbàárà ń béèrè Linux fúnra wọn báyìí, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ náà ti ní ẹrù ọdún mẹ́ta mẹ́rin nínú kí wọ́n tó gbé wọn wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gbé kọ̀ǹpútà lọ fún oníṣẹ́, ní Ọ̀rẹ̀ tàbí níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín sórí fláàṣì tàbí dísìkì mìíràn kí ẹ tó jáde nílé. Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ ní kó ṣí àwòrán ilẹ̀ dísìkì náà, kó sì fi ìka hàn yín ibi tí ẹrù yín wà àti ibi tí Linux fẹ́ wọ̀. Bí kò bá lè fi í hàn yín, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ rẹ̀.